Katúùn Star Trek ọdún 1973: kí ló dé táwọn ọmọ ò fi lè jókòó tì í?

Mọ̀mí Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń kó àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ ní ọ̀sán Sátidé, tí wọ́n bá ti fọ aṣọ ilé-ìwé wọn tán. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àgbà wọn jẹ́ mẹ́tàlá. Mo ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ìyẹ̀wù ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé, mo yá purojẹ́kítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì ń yan gúgúrú sílẹ̀ dè wọ́n.

Bàbá mi tó ti dolóògbé fẹ́ràn Star Trek gan-an, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn kiri lójú òfurufú. Orí itan rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ wò ó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti òkè òkun, ó ra katúùn tí wọ́n ṣe látinú rẹ̀ wá fún mi, èyí tó jáde lọ́dún 1973 sí 1974, apá 22 pé pérépéré nínú DVD. Mo ní èyí ni màá fi mú àwọn ọmọ wọ inú ohun tí bàbá mi fẹ́ràn.

Sátidé tó kọjá ni mo fi apá àkọ́kọ́ hàn wọ́n, "Beyond the Farthest Star". Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ kan dìde, ó lọ ń tẹ láàpútọ́ọ̀pù mi. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Mọ̀mí, ó ti dúró sójú kan." Kò dúró o. Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ náà, ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa parí, ọmọ mẹ́rin ló kù lórí ẹní, àwọn yòókù ti lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣé èmi ni mo gbé e kalẹ̀ bí kò ṣe yẹ, àbí eré náà ló ní àléébù? Bó bá ní àléébù, ṣé apá kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ lè jókòó tì, àbí kí n kó o padà sínú àpótí?

ỌmọSángo

Mọ̀mí, ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ti pé àádọ́ta ọdún ó lé, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè rójú rẹ̀. Ẹ wá Prodigy fún wọn, Star Trek náà ni, ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ ló sì wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ má ṣe fi Lower Decks hàn wọ́n o. Katúùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú rẹ̀.

Ayàwòrán Apẹtẹ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọmọ yẹn fi rò pé ẹ̀rọ ti dúró, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí.

Fíìmù máa ń lo àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Apá kan nínú katúùn yìí tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 24. Ẹ ṣírò rẹ̀: 24 lọ́nà 60, ẹ tún fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, àwòrán 34,560 nìyẹn. Ká ní a jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún méjì, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe, ó ṣì jẹ́ 17,280. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi méjì ya ìpolówó ọṣẹ kan. Ìṣẹ́jú àáyá ogún péré ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi jókòó tì í, ọrùn ọwọ́ mi wú. Ilé-iṣẹ́ Filmation tó ṣe Star Trek yìí ní láti máa gbé apá tuntun fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, 16 lákọ̀ọ́kọ́, 6 lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ owó katúùn àárọ̀ Sátidé ò tó nǹkan.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n wá dá? Wọ́n á ya ara lẹ́ẹ̀kan, ẹnu nìkan ni wọ́n á máa pààrọ̀. Ẹ wo Kirk dáadáa nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Èjìká rẹ̀ kì í mì, ọrùn rẹ̀ kì í yí. Ẹnu á là, á padé, á tún là, ojú á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Bí wọ́n bá ń rìn, àyà sókè lẹ máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, torí ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ń jẹ àsìkò ayàwòrán jù. Wọ́n tún ní àwọn àwòrán kan tí wọ́n tọ́jú pamọ́: Spock, igbákejì Kirk, tó tẹ̀ ba ẹ̀rọ rẹ̀, Kirk tó kọjú sí wa, ọkọ̀ tó ń kọjá láti ọwọ́ òsì. Ẹ máa bá a pàdé lónìí, ẹ tún máa bá a pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nínú ìtàn tí kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá.

Ẹ ó ti rí ìgbànú yẹn nínú apá tí ẹ fi hàn wọ́n. Bí wọ́n bá jáde síbi tí kò sí afẹ́fẹ́, wọn kì í wọ aṣọ òfurufú, ìgbànú ni wọ́n ń dè, ìmọ́lẹ̀ ìyeyè kan á wá yí ara wọn ká. Aṣọ òfurufú ni wọn ò fẹ́ ya ní tuntun. Àwòrán tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n fi ìlà ìmọ́lẹ̀ yí ká.

Mi ò pè wọ́n ní ọ̀lẹ o. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ míì ń kó iṣẹ́ yíyà lọ sí òkè òkun, Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni Filmation ti ń ya tirẹ̀. Àwọn àwòrán ẹ̀yìn wọn sì dára, ẹ wo ọkọ̀ àtijọ́ tó dà bí ilé agbọ́n nínú apá yẹn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi purojẹ́kítọ̀ wò ó mọ́. Wọ́n ya nǹkan yìí fún tẹlifíṣọ̀n kékeré. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ̀ ẹ́ sára ògiri, ńṣe ni àìmìra rẹ̀ á máa hàn gedegbe.

Bàbá Òkè-Àdó

Ayàwòrán, o ṣeun, mo kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé àìmìra yẹn ló lé àwọn ọmọ lọ.

Nígbà tí ìyá àgbà wa ń pàlọ́ fún wa, kì í kúrò lórí àpótí tó jókòó sí. Bó bá ti ní "Ààlọ́ o", tí a ti dá a lóhùn pé "Ààlọ̀", kò sí ọmọ tó ń dìde títí Ìjàpá á fi jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ohùn ló fi dá wa jókòó. Ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín bó bá di ẹnu eku, á ki bó bá di ẹnu erin.

Ohùn gan-an ló sọnù nínú katúùn yìí. Àwọn apá mélòó kan níbẹ̀rẹ̀ ni àwọn òṣèré jọ wà pa pọ̀ tí wọ́n fi gba ohùn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú ń ka tirẹ̀ níbi tí iṣẹ́ bá gbé e dé, àwọn oníṣẹ́ á wá tò ó pọ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnì kan já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Èkíní á sọ tirẹ̀ tán, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́, èkejì á bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo wo eré àkọ́kọ́, èyí tí èèyàn gidi ṣe láti 1966 dé 1969, mo mọ̀ pé bí Spock àti Dókítà McCoy ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni oyin inú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni mo fi wò ó, mo sì wò ó títí téèpù rẹ̀ fi já.

Èkejì ni àkókò. Eré àkọ́kọ́ ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́ta. Wọ́n wá ní kí irú ìtàn kan náà wọ inú ìṣẹ́jú 24. Ibi tó yẹ kí Kirk ti jókòó, kí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, kó tó pàṣẹ, ibẹ̀ ni wọ́n gé kúrò. Ìṣòro á dé, wọ́n á ṣàlàyé rẹ̀ wàràwàrà, ìṣòro á tán. Kò sí ibi tí ọmọdé á ti bẹ̀rù, kò sì sí ibi tó ti máa mí kanlẹ̀.

Ayàwòrán Apẹtẹ

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo gbà fún yín lórí ohùn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ojú yín. Bí ọmọ kan bá ń tòògbé, á pe orúkọ rẹ̀. Kirk ara ògiri ò rí ẹnikẹ́ni. Tí àwòrán kò bá mì, kò sí ohun tó máa pe ojú ọmọ padà. Mo rò pé méjèèjì ló para pọ̀.

Aláǹkárá Gbági

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àwọ̀? Ọdún kejìdínlógún rè é tí mo ti ń ta ǹkárá, àwọ̀ ni mo fi ń jẹun. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin ló jọ wò ó tán, ohun tó sì ń bí mi nínú níbẹ̀ ni píǹkì.

Apá kan wà tí wọ́n pè ní "The Slaver Weapon". Àwọn Kzinti wà níbẹ̀, jagunjagun tó dà bí ológbò ńlá, tó ń jẹ ẹran èèyàn. Ó yẹ kí ẹ̀rù wọn bani. Aṣọ píǹkì ni wọ́n wọ̀ fún wọn! Píǹkì ọmọ jòjòló, irú èyí tí wọ́n ń wá rà lọ́dọ̀ mi fún ìkómọ. Ọmọ mi béèrè pé ṣé wọ́n ń lọ sí òde ni. Ìtàn yẹn dára o, ọwọ́ Larry Niven ló ti wá, látinú ìtàn kúkúrú tó ti kọ tẹ́lẹ̀, nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, Spock àti Uhura àti Sulu nìkan ló wà níbẹ̀, Kirk ò tilẹ̀ yọjú. Ṣùgbọ́n àwọ̀ yẹn ba ìbẹ̀rù rẹ̀ jẹ́. Bí nǹkan bá ń bani lẹ́rù, ẹ fún un ní dúdú, ẹ fún un ní pupa ẹ̀jẹ̀, ẹ fún un ní àwọ̀ ìpẹtà.

Mo gbọ́ pé Hal Sutherland tó darí rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í dá àwọn àwọ̀ kan mọ̀, eérú ló rò pé òun ń rí. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kó yan àwọ̀?

Àbíkẹ́ Bódìjà

Ìyá Aláǹkárá, ẹ kú ọjà o. Òótọ́ ni ti ojú Sutherland, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń yan àwọ̀. Irv Kaplan ni olórí àwọn tó ń kun àwòrán ní Filmation, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì sọ pé òun gan-an ló fẹ́ràn irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò lọ́rùn ẹni tí ojú ń yọ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti èmi náà sí i. Àléébù tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe àwọn òṣèré. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn ò fẹ́ san owó Nichelle Nichols tó ń ṣe Uhura, wọn ò sì fẹ́ san ti George Takei tó ń ṣe Sulu. Wọ́n fẹ́ kí James Doohan àti Majel Barrett fi ohùn wọn ṣe ti àwọn méjì yẹn. Leonard Nimoy ló fàáké kọ́rí, ó ní bí wọn ò bá mú àwọn méjèèjì wá, òun náà ò ní í ṣe Spock. Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn. Ẹ wò ó, obìnrin dúdú kan ṣoṣo láàárín àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ náà, tí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ yọ látinú "uhuru", òmìnira ní èdè Swahili, díẹ̀ ló kù kí ẹlòmíì máa gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Walter Koenig, tó ṣe Chekov, awakọ̀ kan nínú eré àkọ́kọ́, ò bá a dé ibẹ̀ ní tirẹ̀. Owó ò tó, wọ́n yọ ọ́. Ìwé eré kan ni wọ́n jẹ́ kó kọ, "The Infinite Vulcan". Arex, ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́ta àti ẹsẹ̀ mẹ́ta, ni wọ́n fi sí ìjókòó rẹ̀.

Ẹ ó sì wá gbọ́ ohùn Doohan káàkiri. Òun ni Scotty tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe, òun ni Arex, òun ni ọ̀gágun tó ń pè lórí ẹ̀rọ, òun ni àjèjì tí wọ́n bá lọ́nà. Ọ̀jáfáfá ni, ọkùnrin yẹn lè yí ohùn padà gan-an, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo apá mẹ́ta léra, etí á ti dá a mọ̀.

Fún àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ yín, Mọ̀mí, ẹ wo "The Lorelei Signal". Nínú gbogbo apá 79 ti eré àkọ́kọ́, a ò rí kí Uhura gba àṣẹ ọkọ̀ rí. Inú katúùn yìí ló ti gbà á, tó sì kó àwọn obìnrin lẹ́yìn lọ gba àwọn ọkùnrin là.

Akẹ́kọ̀ọ́ UI

Àǹtí Àbíkẹ́, mo wo Lorelei yẹn. Àfìgbà tí Kirk àti àwọn tó bá a sọ̀ kalẹ̀ ń darúgbó, tí ọkàn àwọn ọkùnrin tó kù nínú ọkọ̀ sì ti lọ, kí obìnrin tó gba àṣẹ. Bí ara wọn ṣe yá báyìí, Uhura padà sídìí ẹ̀rọ ìpè. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun ló kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tí wọn ò fi jẹ́ kó máa ṣe é lọ. Ẹ fi hàn wọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè yẹn.

Tíṣà Yemẹtù

Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ̀mí, níwọ̀n bí ẹ ti yá ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ onírúurú òbí sì wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo "The Magicks of Megas-Tu". Wọ́n dé ayé kan tí idán ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n bá ẹnì kan pàdé tó ń jẹ́ Lucien, oníwo orí, ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní Lúsíférì ni, Kirk sì dìde dúró, ó gbèjà rẹ̀ níwájú ilé-ẹjọ́. Mo mọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, pé kí èèyàn má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ohun tí a gbọ́ nípa rẹ̀. Àgbàlagbà lè jókòó kó rò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà á délé, á ní "Dádì, Lúsíférì kì í ṣe ẹni burúkú." Ní ọjọ́ kejì, òbí mẹ́ta á ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín.

Àléébù tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àárọ̀ Sátidé, àkókò ọmọdé, ni wọ́n gbé e sí, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ eré àgbà náà ni wọ́n pè wá kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ga ju ọmọ lọ, àwòrán rẹ̀ kéré sí àgbà.

Àbíkẹ́ Bódìjà

Tíṣà, gbólóhùn yín ìkẹyìn yẹn ni mi ò lè gbà. Torí pé wọ́n pe àwọn tó kọ eré àgbà ló fi gba àmì-ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Daytime Emmy lọ́dún 1975, gẹ́gẹ́ bí eré ọmọdé tó dára jù. Wọn ò sọ̀rọ̀ sí ọmọ bí ẹni tí kò lóye. Bí katúùn tó kù ṣe ń ju ara wọn lu ògiri, èyí ń béèrè ìbéèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ UI

Apá tí wọ́n fi gba àmì-ẹ̀yẹ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, "How Sharper Than a Serpent's Tooth". Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni mò ń kọ́, torí náà mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Kukulkan, òrìṣà àwọn Maya, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ tó dà bí ejò oníyẹ̀ẹ́ pàdé wọn lójú òfurufú. Ó ní òun ló kọ́ àwọn baba ńlá èèyàn ní ìmọ̀, inú òun ò sì dùn pé wọ́n ti gbàgbé òun. Walking Bear, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà láti ẹ̀yà Comanche tó wà nínú ọkọ̀, ló dá a mọ̀, torí ó ti kọ́ ìtàn àwọn èèyàn àtijọ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ ọ́, Russell Bates, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà láti ẹ̀yà Kiowa ni, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń sọ ọ́.

Mo wò ó, mo rántí bí a ṣe ń sọ níbí pé òrìṣà, bí o ò bá lè gbà mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Ìjíròrò tó wà láàárín Kirk àti Kukulkan, pé "a ti dàgbà, a ò lè jẹ́ ọmọ ọwọ́ rẹ mọ́", odidi ọ̀sán kan ni a lè fi fa ọ̀rọ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni wọ́n fún un. Ẹranko kan já jáde nínú àgò, ariwo ta, ọ̀rọ̀ tán. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pẹ̀lú Bàbá Òkè-Àdó. Ìtàn tó tó ìtàn ni, wọn ò fún un láyè kó mí. Walking Bear náà, ẹ̀ẹ̀kan yẹn la rí i, a ò tún rí i mọ́.

Onígìtá Agbowó

Orin ńkọ́? Ìwọ̀nba orin díẹ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀ fún gbogbo apá 22, wọ́n wá ń gé e lẹ̀ káàkiri. Orin tí wọ́n fi sí ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbiná náà ni wọ́n fi sí ìgbà tí wọ́n ń sá fún ẹranko. Bó bá di apá kẹrin, etí ọmọ ti mọ̀ pé kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Ìlù tí kò yí padà, ta ló máa jó o dé alẹ́? Nítorí náà ẹ má wo ju apá kan lọ lọ́sẹ̀. Ẹ má tò ó léra.

ỌmọSángo

Mo ṣì dúró lórí Prodigy o. Gbogbo àléébù tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, kò sí ìkankan níbẹ̀. Ara ń mì, orin ń yí padà, ìtàn kan ń wọ inú èkejì.

Mọ̀mí Mọ́kọ́lá

Àbúrò, mo dúpẹ́. Mo ti gbọ́ ọ rere, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni màá ti máa wò ó, détà ọmọ mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, èmi nìkan ni màá san án. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni DVD yìí.

Bàbá Òkè-Àdó

Ìyá, bẹ̀rẹ̀ láti orí "Yesteryear". Òun ni èkejì tó jáde, D.C. Fontana ló kọ ọ́, ẹni tó jẹ́ olóòtú ìwé eré náà fúnra rẹ̀. Spock padà lọ sí ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Má ṣe sọ ìyókù fún wọn. Sọ fún wọn nìkan pé ọmọ kan ní ẹranko kan tó fẹ́ràn. Kí o sì tó tan ẹ̀rọ, fi ẹnu ara rẹ sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, bí ẹni ń pàlọ́, títí dé ibi tí Spock ti bọ́ sí aṣálẹ̀. Ohun tí katúùn yẹn ò ní, ìwọ ni kí o fi kún un.

Ayàwòrán Apẹtẹ

Mo fọwọ́ sí i. Nínú tẹlifíṣọ̀n o, ẹ má fẹ̀ ẹ́ sára ògiri.

Mọ̀mí Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe é lánàá.

Mo gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àga nínú pálọ̀, gbogbo wọn jókòó sílẹ̀. Mo fi Yorùbá sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: pé Spock lọ sí ìrìn àjò, ó padà dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ẹlòmíì ti wà nípò rẹ̀, torí wọ́n ní ó ti kú nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo rí i tí ojú wọn yípo. Mo wá tan án.

Ara wọn ò mì nínú àwòrán, bákan náà ló rí. Ọmọ tó tẹ láàpútọ́ọ̀pù lọ́jọ́sí tún wojú mi lẹ́ẹ̀kan, mo mi orí sí i pé kò dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ibi tí I-Chaya, ẹranko ńlá onírun yẹn, ti gbọgbẹ́, tí oníṣègùn sọ fún Spock kékeré pé òun lè mú kó pẹ́ díẹ̀ láyé, àmọ́ inú ìrora ni yóò wà, kó sọ èyí tó fẹ́, gbogbo pálọ̀ pa rọ́rọ́. Ọmọkùnrin kan nínú wọn, ajá rẹ̀ kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ nu ojú. Nígbà tó parí, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Èmi ò bá ní kó pẹ́ díẹ̀." Àgbà wọn ní rárá. Wọ́n fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, gúgúrú tutù sínú abọ́. Mẹ́tàlá ló dúró dé òpin, ẹnì kan tó lọ, ìyá rẹ̀ ló rán an níṣẹ́.

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ fún wa. Lorelei ló kàn, lẹ́yìn náà Kukulkan. Mo ti fi bébà lẹ ẹ̀yìn Megas-Tu kí n má baà ṣèèṣì fi sí i.

Ìṣòro kan ló kù. Oòrùn aago mẹ́rin ń wọlé láti ojú fèrèsé méjèèjì, ó ń bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún ò rí nǹkan. Ìyá Aláǹkárá, ṣé ẹ ní aṣọ dúdú tó nípọn?

Aláǹkárá Gbági

Ó wà. Fèrèsé méjì, ọ̀pá mẹ́fà á tó o, kó sì ṣẹ́kù díẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi ṣẹ́ etí rẹ̀. Ẹ má ra èyí tó ń dán, á máa tan ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé kí oòrùn tó mú, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níbí tẹ́ ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà ọjà, màá rán ọmọ mi wá pàdé yín. Òun náà ń béèrè bóyá òun lè wá wo Kukulkan.